Omi Tí Orrin Ń Dúró Dè

Kò sí ẹni tó ń gbé lẹ́bàá odò Bjerke tí kò mọ àwo funfun Orrin Haugdahl. Àwo pẹlẹbẹ tí wọ́n ń gbé ife kọfí lé ni. Ó so okùn mọ́ ọn, láràárọ̀ ni yóò sì sọ̀ ọ́ kalẹ̀ sínú odò láti orí afárá, tí yóò máa wò ó bó ṣe ń rì lọ. Bí àwo náà bá dé ìsàlẹ̀ tó ṣì ń dán, ìjẹ fàdákà kékeré, irin tí wọ́n fi ń tan ẹja, ni yóò fi pẹja lọ́jọ́ náà. Bó bá rì ní ìwọ̀n apá kan tó sì pọ́n bíi tíì tí wọn ò fi mílíìkì sí, ìjẹ idẹ ni. Bí kò bá sì rí i mọ́ rárá, á ká okùn rẹ̀, á padà sílé lọ mu kọfí. Ọdún mẹ́tàdínlógójì ló fi wa ọkọ̀ tó ń kó wàrà láti oko lọ sí ilé iṣẹ́ wàràkàṣì, kò sì sí àárọ̀ kan tí kò dúró lórí afárá yẹn kó tó kọjá.

Ní ìsọ̀ Gaylen Stuessy, níbi tí wọ́n ti ń ta ìwọ̀ àti ekòló àti kọfí gbígbóná, wọ́n máa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Gaylen á ní, "Orrin, ṣé o ti fún odò lóúnjẹ àárọ̀? Mo rí ọ tí o gbé abọ́ lọ." Orrin á rọra máa mu kọfí rẹ̀. Ó mọ̀ pé bó bá di ọ̀sán, àwọn tó ń rẹ́rìn-ín náà ló máa fa òun sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan láti béèrè ohun tí tráòtì, ẹja inú odò wọn, ń jẹ lónìí. Kò sì ní sọ fún wọn. Ní àdúgbò yẹn, ọkùnrin lè dúró láàárín ìsọ̀ kó sọ gbogbo àìsàn tó ń ṣe é fún ọ, ṣùgbọ́n kò ní sọ irú ìjẹ tó fi pa ẹja àná.

Odò kékeré ni Bjerke, ibòmíì wà tí ọmọdé lè fò ó kọjá. Tráòtì inú irú omi bẹ́ẹ̀ ń fura púpọ̀, òjìji èèyàn lásán ti tó láti lé e wọ abẹ́ gbòǹgbò. Ìdí nìyẹn tí Orrin fi máa ń sọ pé kì í ṣe èèyàn ló ń yan ìjẹ, omi ni. Ìtìjú ló sì fi kọ́ ẹ̀kọ́ náà.

Ní ọdún kejì tó fẹ́ Marlys ni. Ó mú un lọ sí kọ́nà odò tó wà lábẹ́ igi wílò, kó lè kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń ju ìwọ̀. Òjò ti rọ̀ lọ́jọ́ tó ṣáájú, omi ti pọ́n, ìjẹ idẹ ló sì yẹ kó lò. Ṣùgbọ́n Orrin ṣẹ̀ṣẹ̀ ra ìjẹ fàdákà kan tó ń wọ̀ ọ́ lójú, òun ló sì so mọ́ okùn ìyàwó rẹ̀. Tráòtì kan tó gùn tó apá jáde lábẹ́ gbòǹgbò, ó tẹ̀ lé ìjẹ náà títí dé iwájú ẹsẹ̀ Marlys, ó dúró, ó wo ìjẹ, ó sì yí padà lọ. Orrin fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé ara rẹ̀ sọ sómi. Marlys ní tirẹ̀ rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sórí koríko.

Ọdún mẹ́rìnlélógójì ni obìnrin yẹn fi sọ ìtàn náà fún gbogbo ẹni tó bá wá jẹun nílé wọn. "Ẹja náà wò mí látòkè délẹ̀," á ní, "ó ní rárá, mi ò wu òun." Gbogbo ilé á rẹ́rìn-ín, Orrin náà á bá wọn rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà ń dùn ún lọ́kàn. Kò mú Marlys lọ sódò mọ́. Kì í ṣe pé kò fẹ́. Ó ń retí ọjọ́ tí gbogbo nǹkan máa pé ni.

Ní oṣù Kẹta ọdún kẹrìnlélógójì náà, tí yìnyín ṣì wà lórí pápá, dókítà kan ní ìlú La Crosse ní kí wọ́n jókòó. Ó ní jẹjẹrẹ ti wọ Marlys lára jinnà, pé kí wọ́n máa ka oṣù, kí wọ́n má ka ọdún. Bí wọ́n ṣe ń padà bọ̀ nínú ọkọ̀, wọ́n dé orí afárá. Ibẹ̀ ni Marlys ti gbé ọwọ́ lé itan ọkọ rẹ̀.

"Kí ẹsẹ̀ mi tó kọ̀ láti gbé mi, mú mi lọ sí kọ́nà igi wílò. Mo fẹ́ ju ìwọ̀ níbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i."

Orrin ní, "Tí wọ́n bá ti ṣí odò báyìí, a ti débẹ̀." Sátidé àkọ́kọ́ nínú oṣù Karùn-ún ni wọ́n máa ń ṣí i fún pípẹja.

Ẹni tó bá wo Orrin ní oṣù Kẹrin yẹn á mọ̀ pé ìfẹ́ ló ń gbé e ṣiṣẹ́. Ó wá ọ̀pá ìwọ̀ tí kò ju ẹsẹ̀ bàtà márùn-ún lọ, nítorí igbó kọ́nà náà dí, ọ̀pá gígùn á há sí i. Ọwọ́ Marlys ti rù, Orrin fi ọ̀bẹ gbẹ́ ibi ìdìmú ọ̀pá náà díẹ̀díẹ̀ títí ó fi bá àtẹ́lẹwọ́ ìyàwó rẹ̀ mu. Ó ká okùn tó tín-ín-rín bí irun ẹṣin sí i. Lẹ́yìn náà ló da wáyà, idẹ àti ìlẹ̀kẹ̀ sórí tábìlì ilé ìdáná, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ìjẹ alábẹ̀bẹ̀, èyí tí pẹlẹbẹ irin kékeré máa ń yí lára rẹ̀ bí wọ́n bá ń fà á nínú omi.

Marlys jókòó ní òdì kejì tábìlì, ó fi búláńkẹ́ẹ̀tì bora, ó ń mu omi ọbẹ̀ adìẹ. Orrin ní kó mú ìlẹ̀kẹ̀ tó bá wù ú, ṣùgbọ́n ó ti ti èyí tó dúdú sún mọ́ ọn, torí ó gbà pé dúdú ni tráòtì fẹ́ràn ní oṣù Karùn-ún. Marlys mú pupa.

"Pupa kẹ̀? Kò sí nǹkan pupa kankan nínú odò yẹn."

"Ẹ̀n-ẹ́n, ìdí ẹ̀ nìyẹn. Lọ́jọ́sí ó wò mí, kò rí ohun tó wù ú. Lọ́tẹ̀ yìí, mo fẹ́ kun ètè kí n tó lọ bá a."

Orrin rẹ́rìn-ín títí ó fi yọ awò ojú rẹ̀ nu. Ó fi ìlẹ̀kẹ̀ pupa náà sí i. Ó fi ẹ̀mú tẹ ẹ̀gún ẹnu ìwọ̀ pẹrẹsẹ, kí ẹja lè bọ́ kúrò lẹ́nu rẹ̀ láìyọ Marlys lẹ́nu. Lọ́jọ́ kejì, ó gbé ọ̀kan nínú àga ilé ìdáná wọn lọ sábẹ́ igi wílò, nítorí ó mọ̀ pé ìyàwó òun ò ní lè dúró pẹ́.

Sátidé àkọ́kọ́ dé. Kí ilẹ̀ tó mọ́ tán, Marlys ti wọ bàtà, ó ti dé fìlà, ó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn. Orrin lọ sọ àwo rẹ̀ sódò, àwo náà sì ń dán ní ìsàlẹ̀ bí ẹni pé kò sí omi lórí rẹ̀. Ó padà wálé, ó ní omi mọ́ jù, ẹja á ti rí wọn kí wọ́n tó jókòó. Ó di Sátidé kejì. Òjò ńlá ti da ẹrẹ̀ oko sínú odò, àwo ò tíì rì tó ìka mẹ́ta tó fi pòórá. Lọ́sẹ̀ kẹta, oòrùn mú, omi fà, koríko inú rẹ̀ yọrí síta. Lẹ́ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni Marlys wọ bàtà, lẹ́ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni Renae, ọmọ wọn obìnrin tó ti Minneapolis wá tọ́jú ìyá rẹ̀, kúnlẹ̀ bọ́ ọ.

Ẹ má bínú sí mi, ṣùgbọ́n ibi tí ìmọ̀ ọkùnrin pọ̀ sí gan-an ló ti máa ń ya òmùgọ̀ nígbà míì. Gaylen sọ fún un nínú ìsọ̀, lójú gbogbo ayé, pé kó mú obìnrin náà lọ, ìbáà ṣe ṣíbí ìmutíì ló máa so mọ́ okùn. Orrin ní kò yé Gaylen. Ó ní òun ti fi ìjẹ tí kò yẹ dójú ti Marlys lẹ́ẹ̀kan, òun ò ní ṣe é lẹ́ẹ̀kejì. Renae bínú, ó pariwo mọ́ bàbá rẹ̀ lẹ́yìn ilé, ó tún sunkún. Orrin fi àáké kọ́rí.

Marlys ò pariwo. Lálẹ́ Sátidé kẹta, ó ní kí ọkọ òun wá jókòó tì òun lórí bẹ́ẹ̀dì.

"Orrin, ṣé ẹja ni mo bẹ̀ ọ́ fún?"

Orrin fa búláńkẹ́ẹ̀tì bo ẹsẹ̀ ìyàwó rẹ̀.

"Odò ni mo ní kí o mú mi lọ. Bí ẹja bá tún wò mí tó bá tún lọ, ǹjẹ́ kì í ṣe ẹ̀rín la máa fi rín?"

"Òjò wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ kan ń bọ̀ ní Tọ́sìdeè," ni Orrin wí. "Rédíò sọ ọ́. Bó bá rọ̀, omi á pọ́n bó ṣe yẹ. Ọ̀sẹ̀ kan péré, Marlys."

Marlys fi ọwọ́ pa á lórí, ó ní ó dáa.

Òjò Tọ́sìdeè kò rọ̀. Ní Mọ́ńdè tó tẹ̀ lé e, Marlys fẹ́ dìde, ẹsẹ̀ rẹ̀ ò gbé e. Orrin ní òun á pọ̀n ọ́n lọ sódò lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, omi ìbáà mọ́, ìbáà dọ̀tí. Nọ́ọ̀sì tó ń wá tọ́jú rẹ̀ nílé ní bí wọ́n bá gbé e báyìí, ìrora náà á pa á. Ẹ̀pa ò bóró mọ́. Orrin gbé ọ̀pá ìwọ̀ kékeré náà wá sínú yàrá, Marlys sì di ibi tó gbẹ́ fún un mú. Ó bá ọwọ́ rẹ̀ mu rẹ́gí. Ní àárọ̀ Sọ́ńdè kejì nínú oṣù Kẹfà, bí agogo ṣọ́ọ̀ṣì ṣe ń dún, Marlys kú.

Òjò bẹ̀rẹ̀ ní ọ̀sán ọjọ́ náà. Kò le, kò sì dá, ó rọ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ títí di ọjọ́ kejì.

Ọjọ́ kẹta ni wọ́n sin ín. Òdì kejì odò ni itẹ́ òkú ṣọ́ọ̀ṣì wọn wà, kò sì sí ọ̀nà míì tó débẹ̀ ju afárá náà lọ. Ọkọ̀ òkú ló ṣáájú, Orrin àti Renae tẹ̀ lé e, ọkọ̀ bí ogún sì wà lẹ́yìn wọn, tí ọkùnrin apẹja wà nínú èyí tó pọ̀ jù. Bí wọ́n ṣe gun afárá, omi náà wà nísàlẹ̀, ó pọ́n bíi tíì, ó ń rọra lọ. Gbogbo ọkùnrin tó wà nínú àwọn ọkọ̀ yẹn rí i. Gaylen wò ó lẹ́ẹ̀kan, ó yára gbójú sókè. Orrin kò gbójú kúrò. Ó mọ̀ láìsí àwo pé omi yìí lòun ti ń dúró dè láti ọdún mẹ́rìnlélógójì, ọkàn rẹ̀ sì bàjẹ́ débi pé kò lè sunkún.

Kí wọ́n tó pa pósí dé ní ṣọ́ọ̀ṣì, Orrin ti rí i pé Renae fi ọ̀dà pupa kun ètè ìyá rẹ̀.

Wọ́n ṣì ń mu kọfí, wọ́n ń jẹ búrẹ́dì ẹlẹ́ran ní yàrá abẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì, nígbà tí Orrin yọ́ jáde. Ó lọ gbé ọ̀pá Marlys nílé, kò bọ́ kóòtù ìsìnkú lọ́rùn. Àga náà ṣì wà lábẹ́ igi wílò. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ti rì díẹ̀ sínú ilẹ̀ rírọ̀, koríko ti hù yí i ká. Orrin dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ju ìwọ̀ náà lẹ́ẹ̀kan. Idẹ bẹ̀rẹ̀ sí í yí, ìlẹ̀kẹ̀ pupa náà kọjá níwájú gbòǹgbò, tráòtì ńlá kan sì jáde, kò dúró wo nǹkan kan, ó gbé e.

Orrin rọra fà á wá títí dé iwájú àga. Bí ó ṣe tẹ ẹ̀gún ìwọ̀ náà pa gẹ́lẹ́ ló ṣe ṣiṣẹ́, ẹja bọ́ lára rẹ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́, ó sì lúwẹ̀ẹ́ lọ. Nígbà náà ni Orrin kúnlẹ̀ sínú omi tòun ti kóòtù, ó sì ké pe ìyàwó rẹ̀. Kò sí ohun tó yàn tí kò tọ̀nà. Idẹ tọ̀nà, okùn tọ̀nà, omi tọ̀nà, ìlẹ̀kẹ̀ tí Marlys fúnra rẹ̀ yàn ló sì tọ̀nà jù. Marlys sì ti wà nínú ilẹ̀ láti aago mọ́kànlá.

Gaylen ló wá a débẹ̀. Ó bá a níbi tó jókòó sí lórí koríko, aṣọ rẹ̀ tutù rinrin, ọ̀pá wà lórí ẹsẹ̀ rẹ̀. Ìbéèrè tí wọ́n máa ń bi ara wọn létí odò láti kékeré jáde lẹ́nu Gaylen kó tó ronú.

"Ṣé ẹja ń jẹ?"

Ó fẹ́ bẹ̀bẹ̀, ṣùgbọ́n Orrin ti dá a lóhùn.

"Jíjù àkọ́kọ́," ni Orrin wí. "Ìlẹ̀kẹ̀ pupa ni."

Gaylen jókòó sórí koríko tútù ní ẹ̀gbẹ́ kejì. Àga ilé ìdáná náà wà láàárín wọn, kò sì sí ẹni tó jókòó lé e.