Òtútù Tí A Pè Ní Ibà

Ìgbà tí ìka mi ò lè tú ìró tó tutù lára mi ni mo mọ̀ pé nǹkan ti ṣe. Ó ku ọdún díẹ̀ kí a gba òmìnira, oyún mi sì ti pé oṣù méje. Mo ń ti oko kòkó wa nítòsí Iwaraja bọ̀ nínú òjò, ẹsẹ̀ mi yọ̀ lórí igi afárá, mo já sódò. Gbòǹgbò igi ni mo dì mú nínú omi títí ọkọ mi fi wá mi kàn. Nígbà tí a délé, ìka mi ti kú, mi ò lè fi mú nǹkan.

"Òtútù ń mú mi," ni mo wí.

Ta ni kì í fi ọ̀rọ̀ yẹn pe ìbẹ̀rẹ̀ ibà? Yèyé, ìyá ọkọ mi, gbé omi tútù wá, wọ́n ń fi nù mí lára kí ibà má baà ṣe ọmọ inú léṣe. Aṣọ tútù ṣì wà lára mi. Nígbà tó yá, mi ò gbọ̀n mọ́, oorun sì ń kùn mí. Wọ́n rò pé ibà ti lọ ni.

"Ara rẹ̀ ti tutù," ni Yèyé wí fún ọkọ mi. "Ọpẹ́ ni fún Olúwa."

Ẹ̀rù bà mí gidigidi. Ahọ́n mi wúwo bí ti ọ̀mùtí, ọmọ tí kì í jẹ́ kí n sinmi kò sì mira mọ́. Ọkọ mi gbọ́ bí ọ̀rọ̀ mi ti ń dàrú, ló bá dá lọ́rì kan dúró, ó gbé wa lọ sí ọsibítù ní Iléṣà.

Nọ́ọ̀sì wọn ìgbóná ara mi, ó tún un wọ̀n. "Ibà kọ́ rèé, Yèyé. Ẹ bá mi bọ́ aṣọ tútù yìí."

Gbígbọ̀n ni ara fi ń yáná fúnra rẹ̀. Bí ẹni tí òtútù mú bá dákẹ́ gbígbọ̀n kí ara rẹ̀ tó móoru, agbára ló tán. Wọ́n nù mí gbẹ, wọ́n fi bùláńkẹ́ẹ̀tì wé mi, wọ́n fi ìgò omi gbígbóná tí a fi aṣọ dì sí mi láyà. Wọn kò jẹ́ kí Yèyé ra mí lẹ́sẹ̀, torí ara tó tutù tó bẹ́ẹ̀ kò fẹ́ ìnira. Nọ́ọ̀sì gbétí lé ikùn mi.

"Ọkàn ọmọ ń lù, ṣùgbọ́n ó ń falẹ̀."

A dúró. Bí ara mi ti ń móoru, gbígbọ̀n padà dé, gbogbo ara ń ro mí bí ẹni tí wọ́n lù. Kí oòrùn tó wọ̀, ọmọ ta mí nípàá. Yèyé bú sẹ́kún, èmi náà sunkún.

Mo bí i nígbà tó tó bí, obìnrin ni. N kò bá Yèyé wí rí; ìfẹ́ ni wọ́n fi ṣe é. Tẹ́lẹ̀, mo máa ń rò pé ara mi já mi kulẹ̀ lọ́jọ́ náà, àṣé ara náà ló gbọ̀n títí agbára fi tán, nítorí àwa méjèèjì. Aláboyún tí omi bá pa, kó kọ́kọ́ bọ́ aṣọ tútù, kó tó sọ fún ẹnikẹ́ni pé òtútù ń mú òun.