Òtútù Tí Dókítà Ẹran Wí

Òórùn ilé ewúrẹ́ láàárọ̀ ọyẹ́ kò tíì kúrò nímú mi: ìtọ̀, eruku, àti èèpo ẹ̀gẹ́ tó ti ń kan. Ẹ̀yìnkùlé wa ní Makun, ní Ṣàgámù, ni mo ti ń sìn wọ́n. Láàárọ̀ ọjọ́ tí mò ń wí yìí, mo gbé èèpo wọlé, òbúkọ mi kò sáré pàdé mi. Ó na ọrùn síwájú, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ, ikun sì ń ṣàn ní ihò imú rẹ̀ méjèèjì. Ó wúkọ́. Ikọ́ náà jọ ti ènìyàn débi pé mo bojú wẹ̀yìn wò bóyá ẹnìkan ló wọlé. Kí oòrùn ọjọ́ kejì tó wọ̀, ó ti kú.

Bó bá jẹ́ òbúkọ nìkan ni, ǹ bá mú un mọ́ra. Ṣùgbọ́n abo dúdú kan àti ọmọ rẹ̀ méjì, akọ kan, abo kan, wà nínú ilé kan náà, ẹran àgbàsìn sì ni wọ́n, kì í ṣe tèmi. Ìyá àgbà kan ní agboolé tó kángun sí tiwa ló ni abo náà. Nígbà tí ẹsẹ̀ kò jẹ́ kó lè lọ já ewé mọ́, ó fi í lé mi lọ́wọ́ pé kí n máa tọ́jú rẹ̀, ká jọ máa pín ọmọ. Ẹ̀yin náà kúkú mọ̀ ọ́n: bí ẹran àgbàsìn bá kú, àfi kéèyàn pe ẹlẹ́ran wá fojú ara rẹ̀ rí òkú rẹ̀, kí wọ́n má baà sọ pé ó tà á jẹ ni.

Dókítà ẹran, ọ̀dọ́mọkùnrin jẹ́jẹ́ kan, gbọ́ àyà àwọn mẹ́ta tó kù. "Màmá, òtútù àyà ló pa òbúkọ yín, ó sì ń ràn. Àwọn wọ̀nyí kò tíì wúkọ́. Ẹ jẹ́ ká fún wọn ní abẹ́rẹ́ àjẹsára, kí ara wọn lè kọ́ bí wọn yóò ṣe bá a jà." Ó ní ẹ̀ẹ̀mejì la ó gún un, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta láàárín. Ibi tó ti ń yọ abẹ́rẹ́ ni fóònù rẹ̀ ti dún, wọ́n ní màlúù kan ń rọbí ní Ìsarà, ọmọ kò sì jáde. Kí oòrùn ọ̀nà má baà ba oògùn náà jẹ́, ó gbé ìgò kékeré náà lé mi lọ́wọ́ kó tó gun ọ̀kadà. "Ẹ fi sínú òtútù. Mò ń bọ̀ lọ́la."

Èmi kò ní firíìjì. Mo gbé e lọ sọ́dọ̀ obìnrin tó ń ta ẹja dídì lójúde wa. Ó wo ìgò náà, ó bú sẹ́rìn-ín.

"Ìyá Ẹléwúrẹ́, ṣé ewúrẹ́ yín ti ń mutí ni?"

Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó tì í bọ ìsàlẹ̀ firísà pátápátá, sáàárín ẹja, níbi tí yìnyín ti nípọn jù. Lọ́kàn mi, bí òtútù bá ṣe pọ̀ tó ni oògùn yóò ṣe lágbára tó. Nígbà tí mo gbà á láàárọ̀, ó ti dì bí òkúta. Mo gbé e sóòrùn kó yọ́. Kí dókítà tó dé, ó ti di omi, ó mì ín, ó gún wọn. Ọkàn mi balẹ̀.

Ó ku ọjọ́ mẹ́ta kí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta pé, abo dúdú wúkọ́. Nígbà tó kú, mo lọ pe Ìyá tó ni ín. Ó fi ọ̀pá rìn wá, ó jókòó sórí àpótí, ó gbé ọwọ́ lé ọmú ẹran náà, wàrà ṣì wà níbẹ̀.

"Ojú mi rí i," ló wí.

Lọ́jọ́ kejì, ọmọ rẹ̀ akọ tẹ̀ lé e. Nígbà tí mo tún lọ pe Ìyá, kò dìde. "Ojú tìrẹ náà, ojú mi ni. Lọ sin ín." Ìbá kúkú bú mi.

Ẹyọ ọmọ kan ṣoṣo ni dókítà bá nígbà tó wá fún abẹ́rẹ́ kejì.

"Màmá, níbo lẹ gbé ìgò yẹn sí?"

"Inú firísà ẹlẹ́ja."

"Ṣé ó dì?"

"Ó dì dáadáa."

Ó ṣí fìlà. "Òtútù tí mo wí kọ́ nìyẹn; kó kàn tutù ni, kì í ṣe kó dì. Tí oògùn yìí bá ti dì, ó bàjẹ́ nìyẹn. Ẹ̀bi tèmi náà ni, n kò ṣàlàyé." Ó ní abẹ́rẹ́ kan kì í tó tẹ́lẹ̀, ó ṣeé ṣe kí wọ́n kú bó ti wù kó rí. Mo gbọ́, ṣùgbọ́n kò wọ̀ mí létí. Òtútù ló pa òbúkọ, òtútù ló pa oògùn, ọwọ́ mi ló sì gbé e lọ síbẹ̀.

Mo kúnlẹ̀ níwájú Ìyá, mo jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀ fún un. Ó ní, "Ṣé o ti wá mọ òtútù báyìí?"

"Mo ti mọ̀ ọ́n, Ìyá."

"Ó dáa. Má jẹ́ kí n tún wá wo òkú."

Dókítà gbé ìgò tuntun wá nínú kúlà, ó kó ìgò omi tútù yí i ká, yìnyín kankan kò kàn án. Ó gún abo kékeré tó kù náà níṣojú mi, ó sì tún gún un lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ó ní kí n so ó mọ́lé, kó má dà pọ̀ mọ́ ẹran ẹlòmíì. Ní gbogbo àkókò yẹn, bó bá sín lásán, n ó sáré lọ wò ó. N kì í jẹun àfi bí mo bá kọ́kọ́ gbọ́ bó ṣe ń mí.

Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn abẹ́rẹ́ kejì, dókítà gbọ́ àyà rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ẹ tú u sílẹ̀, Màmá. Ó ti bọ́." Mo tú okùn. Ẹran náà dé ẹnu ọ̀nà, ó dúró, ó bojú wẹ̀yìn wo ilé tó ṣófo, bí ẹni tó ń retí ìyá rẹ̀. Mo fà á lọ sọ́dọ̀ Ìyá, nítorí òun ló yẹ kó gba èyí tó kù. Ó fọwọ́ pa á lórí, ó dá okùn padà sọ́wọ́ mi.

Títí di òní, wọ́n ń fi mí rẹ́rìn-ín ládùúgbò. Bí ẹnikẹ́ni bá ní kí n fi nǹkan sínú òtútù, n ó kọ́kọ́ béèrè pé, "Irú òtútù wo?" Ẹlẹ́ja a máa sín mi jẹ fáwọn oníbàárà rẹ̀, èmi náà a sì máa bá wọn rẹ́rìn-ín. N kì í sọ fún wọn pé ẹran méjì tí kì í ṣe tèmi ló kọ́ mi ní ìbéèrè náà.