Ádífẹ́ńtì Mẹ́ta Tí Mo Fi Dákẹ́

Gbogbo ẹbí ti gbọ́ ọ lẹ́nu mi báyìí, nítorí náà kò sí ohun tí mo tún ń fi pamọ́. Nígbà tí ìyá wa kú, èmi ni mo pe ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ní olè.

Ẹ̀gbọ́n mi ló tọ́jú màmá ní Emùré, ní gbogbo ọdún tí èmi ń ṣe tíṣà ní Ìkẹ́rẹ́, tí mò ń fi iṣẹ́ ìjọba ṣe àwáwí. Òun ló ń wẹ̀ ẹ́, òun ló ń fi ẹ̀kọ bọ́ ọ nígbà tí eyín tán lẹ́nu rẹ̀. Lẹ́yìn ìsìnkú, a jókòó láti pín ẹrù màmá, a kò sì rí iyùn ọrùn rẹ̀. Mo ní ẹni tó wà nílé ló mọ ibi tí ẹrù ilé wọlẹ̀ sí. Lójú gbogbo ẹbí, mo ní kí wọ́n gbé Bíbélì wá kí ẹ̀gbọ́n mi búra. Ó gbọ́wọ́ lé e, ọwọ́ náà ń gbọ̀n, mo sì ní kí wọ́n wò ó, pé ọwọ́ olè ló ń gbọ̀n báyẹn. Ó wò mí, kò bú mi. Láti ọjọ́ náà ni kò ti wá sí ilé mi mọ́.

Ìrọ̀rí kan wà nínú ohun tí wọ́n pín fún mi, òwú àràbà ni màmá fúnra rẹ̀ kì sínú rẹ̀. Nígbà tó tó bí oṣù mélòó kan, mo tú u láti sá òwú náà sóòrùn. Iyùn jábọ́ sórí ẹní. Màmá ti rán an mọ́ inú ìrọ̀rí, bí àwọn àgbà wa ṣe máa ń fi ohun iyebíye pamọ́, kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni. Mo jókòó síbẹ̀ títí afẹ́fẹ́ fi gbé ìdajì òwú náà lọ.

Ó yẹ kí n wọkọ̀ lọ sí Emùré lọ́jọ́ náà gan-an. N kò lọ. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi mí ṣe olórí ẹgbẹ́ àwọn obìnrin ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ni, ojú sì ń tì mí. Mo ní kí Ádífẹ́ńtì dé ná, ìgbà Dídé Olúwa, nítorí ìgbà náà la máa ń parí ìjà kí á tó gba Ara Olúwa ní Kérésì. Ádífẹ́ńtì dé. Wọ́n ta aṣọ elésè àlùkò sórí pẹpẹ, a tan àbẹ́là àkọ́kọ́, mo sì dìde níwájú àwọn obìnrin, mo kọ́ wọn pé ẹni tó bá mọ ẹjọ́ rẹ̀ lẹ́bi kì í pẹ́ lórí ìkúnlẹ̀. Wọ́n ní mo kọ́ni dáadáa. Àbẹ́là mẹ́rẹ̀ẹ̀rin jó tán, Kérésì kọjá, iyùn wà nínú àpótí mi. Bákan náà ni mo ṣe ní ọdún kejì. Tíṣà ni mí. Mo mọ ìrònúpìwàdà í kọ́ni ju bí mo ṣe mọ̀ ọ́n ṣe lọ. Olúwa tí mo ní kí wọ́n múra dè, bí ó bá yà nílé mi, ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ni ǹ bá sá sí.

Ní Ádífẹ́ńtì kẹta, ọmọbìnrin ẹ̀gbọ́n mi pè mí lórí fóònù.

“Màmá Ìkẹ́rẹ́, yèyé mi ti ń gbàgbé nǹkan o. Bí ẹ bá fẹ́ rí i, ẹ tètè wá ulé.”

Mo lọ ní Sátidé. Nínú ọkọ̀ ni mo ti rò ó pé Olúwa nìkan kọ́ là ń retí lásìkò náà. Àwọn tí a ṣẹ̀ náà ń retí wa, wọn kò sì lè retí wa títí.

Ẹ̀gbọ́n mi wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń ṣa ẹ̀wà. Ó kí mi bí ẹni ń kí àlejò.

“Ẹ káàbọ̀ o. Ulú wo lẹ ti wá?”

Mo kúnlẹ̀, mo kó iyùn náà sí i lọ́wọ́. Ó wò ó, ó sì tì í padà sí mi kíákíá.

“Mú un kúrò. Wọ́n á ní mo jí i.”

Ó ti gbàgbé orúkọ ọmọ rẹ̀. Ó ti gbàgbé ojú mi. Èyí nìkan ni kò gbàgbé, èmi ni mo sì fi sí i nínú. Mo bú sẹ́kún. Mo ní kò sí ẹni tó jí i, èmi ni mo purọ́ mọ́ ẹ̀gbọ́n mi, mo rí iyùn tán mo tún dákẹ́, kó jọ̀ọ́ kó dárí jì mí.

Ó fọwọ́ pa mí lẹ́yìn.

“Dìde n'ulẹ̀, ọmọ mi. Èmi kọ́ lo ṣẹ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ ni kó o lọ bẹ̀ l'ulé rẹ̀. Má jẹ́ kó pẹ́.”

Mo bi í bóyá ẹ̀gbọ́n mi náà á dárí jì mí. Ó ronú díẹ̀, ó sì padà sídìí ẹ̀wà rẹ̀.

“Mi ò mọ̀ ọ́n,” ló wí. “Ìwọ lo mọ̀ ọ́n. Lọ bi í.”