Ajá Tó Níṣẹ́ Lọ́wọ́

Òórùn Ísáàlì ló jí mi láàárọ̀ ọjọ́ Sátidé yẹn. Ẹ̀yin tí a jọ dàgbà lápá ìparí àwọn ọdún 1980 yẹn, ẹ rántí Ísáàlì: omi dúdú inú ìgò tí í di funfun bíi wàrà bí omi bá ti kàn án, tí òórùn rẹ̀ máa ń mú ni rántí ọsibítù àti ṣáláńgá ilé ìwé. Ìyá Àgbà, ìyá tó bí bàbá mi, ti wọ́n ọn káàkiri ilé wa ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́, láti ẹnu ọ̀nà títí dé ibi tí àwọn àgbà ti ń ṣe àlùwàlá. Nígbà tí mo jáde, mo rí ohun tó fà á. Páálí mílíìkì kan wà lábẹ́ igi dóńgóyárò, ọmọ ajá kan wà nínú rẹ̀ tó ń wò mí, etí rẹ̀ kan dúró, èkejì ṣubú.

Bàbá mi ló gbé e dé láti Ògbómọ̀ṣọ́ ní ìrọ̀lẹ́ àná rẹ̀. Olùkọ́ ni, ibẹ̀ ló ti ń ṣiṣẹ́, ọjọ́ Jímọ̀ ló sì máa ń wálé. Lọ́dún náà, nígbà tí gbogbo wa lọ síbi ìgbéyàwó, àwọn olè wọlé wa, wọ́n gbé orí máṣíìnì ìránṣọ tí màmá mi fi ń jẹun lọ. Bàbá mi wá búra pé ilé òun kò ní wà láìní ajá mọ́. Kì í sì í ṣe ajá lásán ló ní lọ́kàn: Àlùséṣàn ni, ajá ńlá onírun tí àwọn ọlọ́pàá ń lò, tí gbogbo ilé tó ní géètì ní Ògbómọ̀ṣọ́ nígbà náà fi ń ṣe fáàrí. Olùkọ́ ẹgbẹ́ rẹ̀ kan ló fún un.

Ìyá Àgbà ò fẹ́. "N kò ní fi iwájú orí mi kanlẹ̀ níbi tí ajá ń tọ̀ sí," ló wí, ó sì ránṣẹ́ pe Àfáà tó ń kọ́ àwa ọmọ ilé ní kéwú. Mo rántí ohun tí Àfáà sọ dáadáa, nítorí òun ni gbogbo ẹjọ́ mi dúró lé. Ó ní ajá ọdẹ kò léèwọ̀, ajá oko kò léèwọ̀, ajá tó ń da ẹran ọ̀sìn kò léèwọ̀. Ó ní ajá ìṣọ́lé náà, àwọn onímọ̀ fi kún un. "Ajá tí ò níṣẹ́ lọ́wọ́ ni kẹ́ ẹ sá fún," Àfáà wí. "Ojoojúmọ́ nirú ẹ̀ ń bù jẹ nínú láádá yín. Bó bá sì fẹnu kan abọ́, ẹ fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀méje, kẹ́ ẹ fi iyẹ̀pẹ̀ kún un."

Ìyá Àgbà gbà, ṣùgbọ́n ó fi tirẹ̀ lé e: "Bó bá di dandan pé ká ní ajá, ajá tí mo mọ ìdílé ẹ̀ ni." Ó ránṣẹ́ sí àbúrò rẹ̀ tó jẹ́ àgbẹ̀ ní Ìkòyí-Ilé. Kò pẹ́, ajá kejì dé nínú apẹ̀rẹ̀ adìẹ. Ajá ilẹ̀ wa ni, ó pupa rúsúrúsú, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ìrù rẹ̀ ká bí ìkọ́. Orúkọ rẹ̀ ti bá a bọ̀ láti oko: Tanímọ̀la. Àlùséṣàn ní tiẹ̀ ń jẹ́ Jáàkì. Ìyá Àgbà sọ ọ́ kí gbogbo ilé gbọ́ pé ọ̀kan ṣoṣo ló máa kù. "Kí wọ́n dàgbà díẹ̀ ná. Èyí tó bá níṣẹ́ lọ́wọ́ la ó mú."

Èmi ni mo ń bọ́ Tanímọ̀la. Jáàkì, Bọ̀ọ̀dá Wásíù ló gbà á tọ́. Bọ̀ọ̀dá Wásíù ni àbúrò bàbá mi, rédíò ló ń tún ṣe níwájú ilé wa, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ tí Jáàkì ti dé, iṣẹ́ di àpatì. Ó fi ṣéènì sí i lọ́rùn, ó ń fà á kiri ọjà Akẹ̀sán nírọ̀lẹ́ kí àwọn ọmọge lè máa sá fún wọn, kí wọ́n sì máa rẹ́rìn-ín. Ọdún tí gbogbo nǹkan gbówó lórí ni, ọbẹ̀ tí àwa ọmọ ń jẹ mọ́ kedere débi pé èèyàn lè wo ojú ara rẹ̀ nínú ẹ̀. Ẹran ń bẹ nínú abọ́ Jáàkì. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ìyẹn sọ́kàn: ẹran tó yẹ kó kàn mí, ajá ló jẹ ẹ́, mo sì rí i nígbà tó ń jẹ ẹ́.

Màmá mi a máa sọ fún mi pé: "Bó o bá máa fẹjọ́ sùn, má wulẹ̀ sunkún. Sọ ẹni tó nà ọ́, sọ ohun tó fi nà ọ́, sọ ibi tó bà." Ìwà náà mọ́ mi lára títí dé yunifásítì, kò sì tíì kúrò lára mi.

Iṣẹ́ mi nírọ̀lẹ́ ni láti wá àwọn ewúrẹ́ Ìyá Àgbà wálé. Ẹ mọ ewúrẹ́ ìgboro, a máa já wọn sílẹ̀ láàárọ̀ ni, ibi tó bá wù wọ́n ni wọ́n ń lọ. Òbúkọ dúdú kan wà láàárín wọn, olóríkunkun, tó jẹ́ pé èlùbọ́ tí àwọn èèyàn bá sá ni oúnjẹ rẹ̀. Kò sí ilé tí wọn ò tíì bú mi nítorí òbúkọ yẹn, bí ẹni pé èmi ni mo bí i. Mo wá ń mú Tanímọ̀la dání. Ní ìbẹ̀rẹ̀, ó kàn ń tẹ̀lé mi; nígbà tó yá, èmi ni mo ń tẹ̀lé e. Ẹ̀gbẹ́ kan ló máa ń gbà lọ, á yọ sí wọn níwájú, kò ní gbó, kò ní bù wọ́n jẹ, wọn á kàn yíjú sílé. Eré ni mo pè é. Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni mí.

Nígbà tí ọyẹ́ dé, àwọn ajá méjèèjì ti dàgbà. Ọjọ́ Sátidé kan, lẹ́yìn ìrun Àyìlá, Bọ̀ọ̀dá Wásíù ní òun fẹ́ dán wọn wò. Ó wọ kóòtù òjò bàbá mi, ó fi àpò ìdọ̀họ bo orí, ó lu ihò ojú méjì sí i, ó sì gun ògiri ẹ̀yìnkùlé bí olè. Gbogbo wa jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, à ń wò ó. Jáàkì bú sí gbígbó. Ó fa ṣéènì débi pé igi dóńgóyárò ń gbọn ewé sílẹ̀. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un. Tanímọ̀la rìn lọ bá olè náà jẹ́jẹ́, ó fimú kan orúnkún rẹ̀, ó ju ìrù, ó sì dùbúlẹ̀ sórí bàtà rẹ̀.

"Ẹ wo ẹ̀ṣọ́ yín," Bọ̀ọ̀dá Wásíù wí látinú àpò. "Ìyẹn máa bá olè ru ẹrù débodè."

Bàbá mi rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ìyá Àgbà pàápàá rẹ́rìn-ín.

Ẹ wá gbọ́ bí ìdánwò náà ṣe jẹ́ ìrẹ́jẹ. Ẹni tó múra bí olè ni ẹni tó ń ju egungun tí Jáàkì jẹ kù sí Tanímọ̀la láràárọ̀. Kóòtù tó wọ̀, òórùn bàbá mi ló wà lára rẹ̀. Imú ni ajá fi ń mọ èèyàn, àpò ò bo òórùn. Nínú gbogbo àwa tí a wà níbẹ̀, Tanímọ̀la ni kò jẹ́ kí wọ́n tan òun. Jáàkì rèé, ó ń gbó bàbá mi ní gbogbo ọjọ́ Jímọ̀, ó ń gbó ladánì, ó ń gbó aṣọ tí a sá sórí okùn. Bó bá jẹ́ pé ẹni tí Jáàkì gbó ni olè, a jẹ́ pé ladánì ti jalè tó. Èyí tó wá burú jù ni pé ẹni tó fẹ́ràn Jáàkì ló ṣe olè, òun ló ṣe ẹlẹ́rìí, òun náà ló dájọ́. Màmá mi nìkan ló fèsì, ó sì rọra sọ ọ́: "Ajá tó lẹ́ni lẹ́yìn, á pa ọ̀bọ." Mo lanu láti ṣàlàyé. Bàbá mi ní, "Múínátù, ọ̀rọ̀ àgbà lèyí," mo sì pa á dé.

Wọ́n ní kí Tanímọ̀la padà sí Ìkòyí-Ilé lọ́jọ́ Jímọ̀ tó ń bọ̀. Dírẹ́fà kan tó ń fi ọkọ̀ akẹ́rù ná ọjà apá ibẹ̀ ló máa gbé e. Ó burú tó, ṣùgbọ́n Bọ̀ọ̀dá Wásíù kò fi mọ bẹ́ẹ̀. Ó pè mí sídìí tábìlì rédíò rẹ̀ lọ́jọ́ kejì.

"Ìkòyí-Ilé wo ni wọ́n ń sọ fún ọ? Dírẹ́fà yẹn àtàwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀ ní gáréèjì, fóò-ó-fóò ni wọ́n fi ń mu ẹmu. Yáa dágbére fún ajá ẹ."

Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi mọ ohun tí fóò-ó-fóò jẹ́: ẹran ajá ni, bí wọ́n ṣe ń pè é ní gáréèjì nìyẹn. Ó sọ ọ́ tán, ó padà sídìí rédíò rẹ̀, ó ń súfèé. Èmi kò lè jẹun mọ́. Ní kíláàsì, bí wọ́n bá ní ká ṣí ìwé kíkà, ìkòkò ni mò ń rí. Mo bi màmá mi bóyá òótọ́ ni. Kò sọ pé irọ́ ni, ìyẹn gan-an ló bà mí lẹ́rù. Ó ní, "Bí bàbá ẹ bá dé lọ́jọ́ Jímọ̀, mà á bá a sọ ọ́." Ṣùgbọ́n ìrọ̀lẹ́ ni bàbá mi máa ń dé, dírẹ́fà sì ti sọ pé òun á dé kó tó di Aláásàrì.

Lọ́jọ́ Jímọ̀ náà, tíṣà wa dá gbogbo kíláàsì dúró láti gé koríko nítorí pé àwọn kan pariwo. Èmi kọ́ ni mo pariwo. Mo sọ bẹ́ẹ̀ nígbà náà, mo tún ń sọ ọ́ báyìí. Nígbà tí wọ́n fi wá sílẹ̀, mo sáré wálé nínú eruku ọyẹ́, ètè mi ti bẹ́, ẹsẹ̀ mi funfun bíi ti ẹni tó ń po símẹ́ńtì. Ọkọ̀ akẹ́rù wà lẹ́nu ọ̀nà. Dírẹ́fà jókòó sábẹ́ dóńgóyárò, okùn wà lọ́wọ́ rẹ̀. N kò rí Tanímọ̀la. Mo gun ẹ̀yìn ọkọ̀, mo tú apẹ̀rẹ̀ tó wà níbẹ̀, òfìfo ni gbogbo wọn.

Orí ọkọ̀ ni mo wà tí mo fi rí wọn. Àwọn ewúrẹ́ ló ṣáájú, wọ́n ń bọ̀ ní àárín ọ̀nà bí ọmọ ilé ìwé tó tò sórí ìlà. Tanímọ̀la wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Lẹ́yìn gbogbo wọn, Ìyá Àgbà ń bọ̀, ó fi ọ̀pá tilẹ̀, ó sì dúró lẹ́nu ọ̀nà títí ewúrẹ́ tó kẹ́yìn fi wọlé.

"Múínátù, ta ló rán ajá yìí níṣẹ́?"

"Kò sẹ́ni tó rán an, Ìyá Àgbà. Bó ṣe máa ń ṣe lójoojúmọ́ nìyẹn."

Ó jókòó sórí pẹpẹ ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ó ní òun ti retí mi títí, òun wá dìde lọ wá àwọn ẹran òun fúnra òun. Ẹ̀gbẹ́ mọ́ṣáláṣí ló ti pàdé wọn tí wọ́n ń bọ̀. Ó fà sẹ́yìn, ó ń ṣọ́ wọn. Òbúkọ dúdú yà síbi èlùbọ́ ẹnì kan, Tanímọ̀la kàn dúró síwájú rẹ̀, ó ń wò ó, òbúkọ náà sì padà.

"Àfáà ka irú ajá tó tọ́ fún wa nínú ilé yìí," ló wí. "Gbogbo wa gbọ́. Ajá ẹran ọ̀sìn wà níbẹ̀. Torí pé olè wọlé wa, etí wa di sí yòókù." Ó yíjú sí dírẹ́fà. "Ọmọ mi, o kú ìdúró. Ká okùn ẹ. Ajá yìí ti wà lẹ́nu iṣẹ́ tipẹ́."

"Ìyá, a ti dájọ́ o," Bọ̀ọ̀dá Wásíù wí.

"Ìwọ tó o kó orí sínú àpò lo dájọ́?"

Ẹnu mi ṣí nígbà náà. Mo bi dírẹ́fà bóyá òótọ́ ni pé ó máa ń jẹ ajá. Ọkùnrin náà wò mí bí ẹni pé mo yọ ojú rẹ̀.

"Èmi? Ọmọ Aládùúrà ni mí. Ẹlẹ́dẹ̀ gan-an, ṣọ́ọ̀ṣì wa ò jẹ́ ká jẹ ẹ́, ká má tíì wá sọ ajá. Ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún ọ?"

Mo sọ ẹni tó sọ ọ́. Mo sọ ọjọ́ tó sọ ọ́, mo sọ ìdí tábìlì tó jókòó sí, mo sọ pé ó ń súfèé. Màmá mi ń wò mí láti ẹnu ọ̀nà yàrá rẹ̀, kò rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ tutù. Bọ̀ọ̀dá Wásíù ní eré lòun ń ṣe, ó gbé rédíò kan, ó wọlé. Mo sọ̀ kalẹ̀, mo jókòó sínú eruku, mo gbá ajá náà mọ́ra. Mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún ní àkókò tí kò sí ìdí fún ẹkún mọ́. Ìyá Àgbà pariwo mọ́ mi pé kí n dìde, kí n lọ fọ ara mi bí Àfáà ṣe ní ká máa fọ abọ́. Mo bu iyẹ̀pẹ̀, mo bu omi, mo fọ̀, mo tún fọ̀. N kò tíì wẹ̀ kí ara tù mí báyẹn rí.

Bàbá mi dé nírọ̀lẹ́, ó gbọ́, ó mí kanlẹ̀. Mo rò pé oúnjẹ Jáàkì ti sú u. Ó dá a padà fún olùkọ́ ẹgbẹ́ rẹ̀, ẹni tó ní géètì àti àgbàlá gbọọrọ. Nígbà tí mo lọ kí bàbá mi ní Ògbómọ̀ṣọ́, mo rí Jáàkì níbẹ̀, ó ti sanra, ó sì gbó wa títí a fi kúrò níbẹ̀. Tanímọ̀la ń da ewúrẹ́ títí ó fi darúgbó. Kò gbó olè kankan rí. Kò sì sí olè kankan tó tún wá.

Ògbómọ̀ṣọ́ ni mò ń gbé báyìí, kò jìnnà sí ibi tí wọ́n ń pè ní Under G, gbogbo àdúgbò ló sì mọ̀ mí sí obìnrin tí í kọ̀wé ẹ̀sùn. Bí iná bá lọ tí ìwé owó iná ò lọ, èmi ni wọ́n ń wá. Ọmọ ọdún mẹ́wàá tí wọ́n ní kó pa ẹnu dé kò pa á dé mọ́. Títí dòní, nínú gbogbo àwọn tó jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ yẹn, kò sí ẹni tó sọ fún un pé, "Múínátù, a ṣì í." Mo ṣì ń retí rẹ̀, ó tọ́ sí mi. Ṣùgbọ́n mo ti jàre ọ̀pọ̀ ẹjọ́ láti ìgbà náà, mo ti fi ọwọ́ ara mi gba ìwé ìdáláre, mo ti gbé e wálé, mo ti tún un kà. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tó mú mi jókòó sínú eruku.