Ìyá Mi Kó Owó Rẹ̀ Kúrò ní Báńkì

Ọ̀rọ̀ káàdì ni ó dá ìjà náà sílẹ̀. Káàdì pélébé kan ni, tí báńkì fún ìyá mi lọ́dún tí ó wá bá mi wẹ ọmọ ní Àkúrẹ́. Mo mú un lọ sí ẹ̀ka báńkì kan ní Arákálẹ̀, a ṣí àkáǹtì fún un, kí àwọn ayálégbé tí ó wà nílé rẹ̀ ní Oǹdó lè máa fi owó ilé ránṣẹ́ síbẹ̀. Nígbà tí wọ́n fún un ní káàdì, ó yí i síwá, ó yí i sẹ́yìn, ó ní ó dára, ó sì fi í sáàárín Bíbélì rẹ̀. Kò jáde kúrò níbẹ̀ mọ́. Tí ìyá mi bá fẹ́ gba owó, yóò wé gèlè, yóò lọ sí ẹ̀ka báńkì náà tí ó wà nítòsí rẹ̀ ní Oǹdó, yóò sì bá ènìyàn ẹlẹ́ran ara sọ̀rọ̀. Kò fẹ́ kí ẹ̀rọ máa bi owó sí òun lọ́wọ́ láìkí òun.

Ìgbàkígbà tí mo bá lọ sí Oǹdó, iṣẹ́ mi àkọ́kọ́ ni kí n ka àtẹ̀jíṣẹ́ báńkì tí ó wà lórí fóònù rẹ̀ fún un. Yorùbá kò ṣòro fún un láti kà, ṣùgbọ́n gẹ̀ẹ́sì ni báńkì ń kọ. Lọ́jọ́ Sátidé kan, mo jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo ń kà, òun ń ṣa ẹ̀wà.

"Wọ́n yọ owó àtẹ̀jíṣẹ́," mo ní.

"Àtẹ̀jíṣẹ́ wo?"

"Èyí tí wọ́n fi ń sọ fún yín pé owó wọlé."

"Owó tí mo ti mọ̀ pé ó ń bọ̀? Ṣé mo rán wọn ní kí wọ́n wá sọ fún mi ni?"

Mo rẹ́rìn-ín, mo ń kà á lọ. "Wọ́n tún yọ owó ìtọ́jú káàdì."

Ọwọ́ rẹ̀ dúró lórí ẹ̀wà. "Káàdì wo?"

"Èyí tí wọ́n fún yín, Màmá."

"Èyí tí ó wà nínú Bíbélì mi? Ta ni ó ń tọ́jú rẹ̀?"

Mo tún àtẹ̀jíṣẹ́ náà kà.

"Mo ní ta ni ó ń tọ́jú rẹ̀. Èmi ni mo ń nu eruku kúrò lára Bíbélì. Èmi ni mo ń gbé e kúrò lójú jíjò nígbà òjò. Báńkì ni ó yẹ kí ó máa sanwó fún mi."

Ó ní kí n padà sí àwọn àtẹ̀jíṣẹ́ àtijọ́, kí n máa kà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Díẹ̀ níbí, díẹ̀ lọ́hùn-ún. Nígbà tí mo kà á dé ibi tí ó tó, ó ní kí n gbé fóònù sílẹ̀. "Eku ni wọ́n," ó wí. "Wọ́n ń jẹ mí lẹ́sẹ̀, wọ́n ń fẹ́ atẹ́gùn sí i kí n má bàa jí. Ó dára. Mo ti jí."

Èmi ni àkọ́bí rẹ̀, òṣìṣẹ́ ìjọba sì ni mí ní Alágbàká ní Àkúrẹ́, nítorí náà mo rò pé ọgbọ́n wà lọ́wọ́ mi. Mo ní, "Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa san owó ilé náà sínú àkáǹtì tèmi. N ó máa fún yín nígbà tí ẹ bá fẹ́."

"O ó máa fún mi," ó wí.

Ó ṣa ẹ̀wà díẹ̀ sí i kí ó tó tún sọ̀rọ̀. "O fẹ́ràn mi, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí owó mi bá dé ọwọ́ rẹ, mo di ẹni tí ń tọrọ owó ara rẹ̀ nìyẹn. N ó ní mo fẹ́ ra aṣọ, ìwọ á ní èyí tí ẹ rà ní Kérésì ńkọ́. N ó ní mo fẹ́ fún ẹnìkan lówó, ìwọ á ní ta ni. Ojú mi ló ṣe. Ọwọ́ àwọn ẹ̀gbọ́n mi ni ìyá mi lo ìgbẹ̀yìn ayé rẹ̀ sí. Kò jìyà o. Kò sí ohun tí wọn kò fún un, àfi àṣẹ."

Láti ọjọ́ náà ni mo ti mọ̀ pé kì í ṣe iye tí báńkì ń yọ nìkan ni ó ń dun ìyá mi. Ó fẹ́ ibi tí owó rẹ̀ yóò wà, tí kò ní sí ẹni tí yóò máa bù ú jẹ láìbi í, tí kò sì ní sí ọmọ tí yóò máa bi í léèrè ohun tí ó fẹ́ fi ṣe.

Mo sọ ọ́ ní ọ́fíìsì. Ọ̀gá kan tí ó wá láti Ọ̀wọ̀ ní kò sí báńkì tí kì í yọ owó, kí ni ẹnikẹ́ni lè ṣe? Ará Ìkàrẹ́ tí ó jókòó tì í ní kí n sọ fún Màmá kí wọ́n gbàdúrà. Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Oṣooṣù ni wọ́n ń yọ ti àwa náà, àwa tí a gbọ́ gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n fi ń yọ ọ́, a ó wò ó, a ó sì ti fóònù bọ àpò.

Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù àwọn obìnrin kan wà ní àdúgbò wa ní Oǹdó. Ọ̀sán ọjọ́ Àìkú ni wọ́n ń ṣèpàdé, nínú kíláàsì ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ohun tí o bá mú wá ni wọn yóò kọ sílẹ̀ fún ọ, wọn yóò yá ara wọn nínú rẹ̀, bí ọdún bá parí wọn yóò pín èrè. Kò sí owó ìtọ́jú kankan. Ẹni tí ó bá pẹ́ dé nìkan ni ó ń san owó ìtanràn. Ṣùgbọ́n wọn kì í gba ènìyàn láìní onídùúró, inú agboolé ẹni náà gan-an sì ni onídùúró gbọ́dọ̀ ti wá. Wọ́n ní ará ilé ẹni ni ó mọ ẹni. Onídùúró yóò dìde níwájú ẹgbẹ́, yóò fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé bí ẹni yìí bá sá, òun ni kí wọ́n mú.

Nínú agboolé wa, ẹnìkan ṣoṣo ni ó wà nínú ẹgbẹ́ yìí. Ìyàwó kejì tí bàbá mi fẹ́ ni. Òun sì ni alága.

Ìjàrẹ ni bàbá mi ti fẹ́ ẹ wá, àwọn òbí rẹ̀ sì jẹ́ àgbẹ̀. Láti ọjọ́ tí ó ti wọlé ni ìyá mi ti ń pè é ní ará oko. Wọn kò jà rí o. Láti ìgbà tí bàbá mi ti kú, kálukú ti ní ibi ìdáná tirẹ̀. Wọ́n ń kí ara wọn láàárọ̀, wọ́n ń kí ara wọn lálẹ́, ó parí.

"Ẹ lọ bá a, Màmá," mo ní.

"Kí n lọ bẹ ìyàwó mi pé kí ó wá dúró fún mi? Èmi tí mo da omi sí i lẹ́sẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n mú un wá?"

Ó fi owó náà sílẹ̀ sí báńkì. Báńkì ń jẹ, ó ń fẹ́. Ìgbà tí wọ́n tún yọ owó ìtọ́jú káàdì, tí mo sì kà á sí i létí, ó dìde láìsọ̀rọ̀, ó wé gèlè bí ẹni tí ó ń lọ sí òde, ó sì kọjá àgbàlá lọ sí ọ̀dọ̀ ìyàwó rẹ̀. Mo tẹ̀lé e.

Obìnrin náà ń rẹ́ ilá. Ó rí gèlè, ó gbé ọ̀bẹ sílẹ̀. "Ìyálé mi, ṣé kò sí nǹkan? Ta ni ó kú?"

"Kò sí ẹni tí ó kú."

"Ẹ jókòó, mà. Ọkọ mi, ẹ̀yin náà ẹ jókòó." Èmi ni ó ń pè ní ọkọ, nítorí mo ti wà nílé kí ó tó dé.

Ìyá mi kò jókòó. "Mo fẹ́ wọ ẹgbẹ́ yín."

"Ẹgbẹ́ àwa ará oko?"

Adìyẹ kan kọjá láàárín wọn. Ìyá mi dúró kí ó kọjá tán. "Ẹgbẹ́ ẹ̀yin ará oko."

"Báńkì Àkúrẹ́ ńkọ́?"

"Wọ́n ń jà mí lólè."

"Gbogbo wa ni wọ́n ń jà lólè. Ẹ̀yin ni ẹ pẹ́ kí ẹ tó fura." Ó tún mú ọ̀bẹ rẹ̀. "N ó dúró fún yín. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ òfin wa, kí ẹ má bàa ní mo fi yín ṣẹ̀sín. Bí alága bá wọlé, gbogbo ẹgbẹ́ a máa dìde. N kò lè yọ ẹnikẹ́ni sílẹ̀, ìbáà ṣe ìyálé mi."

Ìyá mi wo inú abọ́. "Ilá yìí ti gbó," ó wí, ó sì yí padà lọ sílé. Mo rò pé ọ̀rọ̀ ti bàjẹ́.

Ní ọ̀sán ọjọ́ Àìkú tí ó tẹ̀lé e, òun ni ó kọ́kọ́ dé kíláàsì. Ó jókòó sí bẹ́ǹṣì àwọn ọmọdé, orúnkún rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àgbọ̀n rẹ̀. Nígbà tí alága wọlé, bẹ́ǹṣì dún káàkiri, gbogbo obìnrin dìde, gbogbo ojú sì yí sí ìyá mi. Ó dìde. Kò yára rárá. Ìgbà tí ó nà tán, ó sọ ọ́ sókè kí gbogbo ènìyàn lè gbọ́: "Àga ni mo dìde fún o."

Ẹ̀rín bú sókè nínú kíláàsì. "Àga ti gbọ́, ìyálé mi," alága dáhùn. Kò lọ jókòó. Ó wá dúró sí ẹ̀gbẹ́ ìyá mi. "Ẹ̀yin ẹgbẹ́, ìyálé mi nìyí. Ẹnu rẹ̀ mú, ẹ ó rí i fúnra yín. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí mo ti dé ilé ọkọ mi, n kò rí i kí ó mú ohun olóhun. Tí ó bá sá, èmi ni kí ẹ mú."

Ìyá mi yíjú sí fèrèsé, ó ń wo pápá bí ẹni pé àwọn ọmọ ń ṣeré níbẹ̀. Kò sí ẹnikẹ́ni ní pápá.

Ó ní kí àwọn ayálégbé máa mú owó ilé wá fún òun lọ́wọ́. Ó lọ gba owó rẹ̀ ní báńkì, ṣùgbọ́n kò gbà á tán. Nílé wa, a kì í gbọn àpò owó gbẹ. A ó fi díẹ̀ sí ìsàlẹ̀ rẹ̀, kí owó mìíràn lè bá ẹnìkan nílé nígbà tí ó bá dé. Ó ní òun kò tilẹ̀ lè kúrò níbi tí òun ti jókòó pẹ́ bẹ́ẹ̀ kí òun gbá ilẹ̀ rẹ̀ bí ẹni tí ó ń sá. Báńkì kò mọ irú ìwà ọmọlúàbí yẹn. Wọ́n jẹ díẹ̀ náà tán, wọ́n sì ń jẹ lọ nínú abọ́ òfìfo. Nígbà tí mo tún ka àtẹ̀jíṣẹ́, ìyá mi ti di ajigbèsè.

Ní Oǹdó, wọ́n ní ẹ̀ka tí ó ṣí àkáǹtì ni ó lè tì í. Ni ìyá mi bá mú káàdì rẹ̀, ó wọ mọ́tò wá sí Àkúrẹ́, a sì jọ lọ sí Arákálẹ̀. Ọmọbìnrin tí ó wà lẹ́yìn káńtà kí i dáadáa. Ó tẹ kọ̀ǹpútà, ó wò ó, ó ní, "Màmá, ẹ máa kọ́kọ́ san owó tí ẹ jẹ."

"Kí ni mo rà?"

"Ẹ kò ra nǹkan, mà. Owó ìtọ́jú ni."

"Àkáǹtì tí kò sí nǹkan nínú rẹ̀, kí ni ẹ ń tọ́jú níbẹ̀?"

Ọmọ náà wò mí. Owó náà kò tó nǹkan, ìlà sì gùn lẹ́yìn wa. Mo ṣí báàgì mi. Ìyá mi kò yíjú, ó kàn gbé ọwọ́ lé báàgì náà, ó tì í pa. "Tí o bá san án," ó wí fún mi jẹ́jẹ́, "o ti gba owó mi lọ́wọ́ mi nìyẹn."

Wọ́n pe mánéjà. Ọkùnrin ọmọlúàbí kan ni, ṣùgbọ́n èmi ni ó kọjú sí. "Ẹ̀gbọ́n, owó kékeré ni. Ẹ bá Màmá san án, kí wọ́n lè tètè máa lọ."

"Kì í ṣe òun ni ó ni àkáǹtì," ìyá mi wí. "Èmi ni kí o bá sọ̀rọ̀."

"Ẹ má bínú, mà. Ẹ̀rọ ni ó ń yọ ọ́, kì í ṣe àwa."

"Ta ni ó ni ẹ̀rọ?"

Ẹnìkan rẹ́rìn-ín nínú ìlà. Ìyá mi gbé káàdì sórí káńtà. "N kò rà, n kò yá, n kò ní san. Bí ẹ ò bá ti àkáǹtì yìí, ẹ máa kọ gbèsè yín lọ. Bí mo bá kú, ẹ wá sí Oǹdó, ẹ wá gbà á lọ́wọ́ mi." Ó lọ jókòó sórí àga tí àwọn oníbàárà ń jókòó sí, ó bọ́ bàtà rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í bi obìnrin tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ léèrè bí ó ti ń sanwó ìtọ́jú tirẹ̀. Obìnrin náà kò mọ̀ pé òun ń san nǹkan. Ó mú fóònù jáde. Ẹni tí ó tẹ̀lé e náà mú tirẹ̀ jáde.

Mánéjà wọlé lọ. Nígbà tí ó jáde, ìwé tí ìyá mi yóò fọwọ́ sí ni ó mú dání. "Màmá, a ti bá yín pa á rẹ́."

"Ohun tí ẹ̀yin fúnra yín kọ ni ẹ pa rẹ́," ìyá mi wí. Wọ́n gbé tàdáwà wá kí ó tẹ ìka. Ó ní kí wọ́n gbé e padà, kí wọ́n fún òun ní bírò. Ó kọ orúkọ rẹ̀ délẹ̀délẹ̀, kò sì yára.

Nígbà tí ọdún parí, tí ẹgbẹ́ pín èrè, mo lọ sí Oǹdó. Mo gbọ́ pé ìyá mi kò kàn gba èrè, ó gbà lára owó gan-an, kò sì kéré.

"Kí ni ẹ fẹ́ fi ṣe, Màmá?"

"Mo ti fi ṣe é."

"Kí ni?"

"Ohun tí ó wù mí."

Mo kọjá àgbàlá lọ bá alága, nítorí ọwọ́ rẹ̀ ni owó ti jáde. Ó ń fẹ́ iná. "Ọkọ mi," ó ní, "ìyálé mi ni kí ẹ bi."

"Wọn kò sọ fún mi."

"Ó jẹ́ pé wọn kò fẹ́ sọ ọ́ nìyẹn."

Ohùn ìyá mi wá láti òdìkejì àgbàlá. "Má dá a lóhùn o."

"N kò dá wọn lóhùn, ìyálé mi."

Mo ti wo inú ilé náà káàkiri láti ìgbà náà. N kò rí nǹkan tuntun kan níbẹ̀. N kò sì tíì mọ ohun tí ìyá mi fi owó rẹ̀ ṣe.