Dúrọ́ọ̀mù Tí Nọ́ọ̀sì Fọ̀

Eléruku ni àdúgbò ń pe bàbá náà, kò sì bínú sí i rí. Òkúta ló ń gé jẹun títí ó fi fẹ̀yìn tì. Bó bá ń bọ̀ nílé nírọ̀lẹ́, ìpéǹpéjú rẹ̀ á funfun bí ẹni tó bá ìyẹ̀fun jà. Ìyàwó rẹ̀ ló ní kó má da lẹ́búlẹ́bú òkúta náà nù mọ́.

"Ẹ máa gbé e bọ̀ nílé. Ebi ń pa ilẹ̀ ẹ̀yìnkùlé wa."

Bí wọ́n ṣe di olóko ẹ̀fọ́ nìyẹn. Bàbá á wọ́n lẹ́búlẹ́bú òkúta sórí ebè, ìyàwó á po ajílẹ̀ olómi sínú dúrọ́ọ̀mù: ìgbẹ́ màlúù, omi ìrèké, wàrà tó ti kan, pẹ̀lú ẹ̀kúnwọ́ lẹ́búlẹ́bú náà. Wọ́n á fi sílẹ̀ kó máa hó láìsí iná. Òkúta kì í tètè yòrò, ẹ̀fọ́ ò sì léyín. Àwọn kòkòrò tín-tìn-tín inú omi yẹn ló ń bá a rún un kó tó lè gbé e mì. Òfin kan ni ìyàwó fi lélẹ̀: a kì í bu dúrọ́ọ̀mù gbẹ. Gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ìsàlẹ̀ ni irúgbìn èyí tó ń bọ̀. Nígbà tí obìnrin náà kú, gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ tó fọwọ́ ara rẹ̀ pò ṣì wà níbẹ̀, Bàbá sì ń po tuntun lé e lórí. Ohun tó kù fún un lára ìyàwó rẹ̀ nìyẹn, lójú tirẹ̀.

Ọmọ rẹ̀ obìnrin, nọ́ọ̀sì, wá lo ìsinmi lọ́dọ̀ rẹ̀. Ká sọ tòótọ́, bí ọmọ yìí bá rí ìdọ̀tí, ọwọ́ á máa yún un. Bàbá kàn yà kí ọ̀rẹ́ kan ni. Kó tó dé, ọmọ ti da omi dúrọ́ọ̀mù sí gọ́tà, ó ti fi ọṣẹ fọ̀ ọ́, ó ti fi bílíìṣì ṣàn án, ó sì ti dojú rẹ̀ délẹ̀ nínú oòrùn.

"Bàbá, ẹ wá wò ó! Ẹ̀fọn ò ní yé síbẹ̀ mọ́."

Dúrọ́ọ̀mù ń dán gbinrin. Bàbá jókòó sórí búlọ́ọ̀kù.

"Ìyá rẹ ló wà níbẹ̀," ló wí.

Nígbà tó ṣàlàyé tán, ọmọ bú sẹ́kún. Ó dun Bàbá wọra, irọ́ kò sí níbẹ̀. Wọ́n ní bí a bá fi ọwọ́ ọ̀tún bá ọmọ wí, ká fi tòsì fà á mọ́ra. Bàbá fi méjèèjì fà á mọ́ra, kò wá rí èyí tó máa fi bá a wí.

Lọ́jọ́ kejì, nọ́ọ̀sì dúró lórí ebè, ó ń ronú.

"Bàbá, láyé Màámi, ibo lẹ kọ́kọ́ ń da omi yẹn sí?"

"Ibi kárọ́ọ̀tì yìí ni. Kí ló dé?"

"Ẹ gbọ́ ná. Iṣẹ́ mi ni kí n máa lé kòkòrò kúrò ní wọ́ọ̀dù. Kì í lọ! Tó bá ti ráyè wọlé, ó ti di onílé nìyẹn. Àwọn kòkòrò Màámi ṣì wà nínú ilẹ̀ yìí."

Ó kúnlẹ̀ láìwọ ìbọ̀wọ́, ó wa iyẹ̀pẹ̀ dúdú abẹ́ kárọ́ọ̀tì. Wọ́n fi omi òjò ṣan dúrọ́ọ̀mù títí òórùn bílíìṣì fi tán, wọ́n wá da iyẹ̀pẹ̀ náà sí i, pẹ̀lú gbogbo èròjà tó kù. Lẹ́yìn ìyẹn, wọ́n ń retí. Bàbá ò lè wò ó. Bó bá ń kọjá, á gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bí ẹni tó jẹ dúrọ́ọ̀mù ní gbèsè. Omi náà dákẹ́ lọ́jọ́ kìíní, ó dákẹ́ lọ́jọ́ kejì. Ó ti ń pẹ́ jù, Bàbá sì ti ń gbà fún Ọlọ́run, kí nọ́ọ̀sì tó figbe ta láàárọ̀ ọjọ́ kan. Ìfófòó ti bo ojú omi. Ó ń hó! Bàbá rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi mú un.

Nígbà tí ìsinmi parí, ó bu díẹ̀ sínú kẹ́ẹ̀gì fún ọmọ. Yàrá òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni ọmọ ń gbé, kò ní ju ìkòkò òdòdó méjì lọ lójú fèrèsé, ṣùgbọ́n òun fúnra rẹ̀ ló tọrọ ọ́. Ó gbé kẹ́ẹ̀gì lé itan nínú ọkọ̀, ó fẹ́ yí ìdérí rẹ̀ le dáadáa. Bàbá na ọwọ́ gba ojú fèrèsé ọkọ̀, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Má dé e pa, ọmọ mi. Ó ń mí."