Rẹwáyà Tó Fẹ́ Kí Ẹ́ńjìnnì Kú

Inú a máa bí rẹwáyà tó ń bá mi tún iná ọkọ̀ ṣe ní Ìlobù bí ẹ́ńjìnnì bá kọ̀ tí kò kú lójú rẹ̀. Á ní, "Ibi tó bá kú sí la ti máa jí i."

Ìfọ́n ni mo ń gbé, mo sì ń fi ọkọ̀ ojú omi kó àwọn àgbẹ̀ sọdá dáàmù lọ sóko. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kú lójijì láàárín omi. Mo pààrọ̀ púlọ́ọ̀gì, mo da epo inú rẹ̀ nù, kò gbọ́. Lọ́jọ́ kan, díẹ̀ ló kù kí omi gbé èmi àti ìyá arúgbó kan gba orí ògiri dáàmù já sísàlẹ̀.

Mo bá lọ pe rẹwáyà. Ó ní kí n so ọkọ̀ mọ́ igi, kí n tan ẹ́ńjìnnì. Ó wá ń mi wáyà lọ́kọ̀ọ̀kan. Bó ṣe fọwọ́ kan orí bátìrì báyìí, ẹ́ńjìnnì kú.

"O káre, ọmọ mi," ló wí fún un.

Mo ti fi ọ̀rá wé orí bátìrì náà kí omi má bàa kàn án. Nígbà tó tú u, nǹkan funfun bí iyọ̀ ti bo ẹnu wáyà.

"Ìwọ lo daṣọ bo àrùn."

Ó ha á, ó dè é le, ó sì wọnú ọkọ̀, bó ṣe máa ń ṣe lẹ́yìn gbogbo iṣẹ́. "Gbé mi lọ sáàárín omi."

"Bàbá, ẹ ò sì mọ̀wẹ̀."

"Ohun tó jẹ́ kí n dè é le nìyẹn."